Elégbè Tó Kọrin Kúrò Nídìí Àkàbà

Bí ẹ bá rí obìnrin kan tí ọ̀dà búlúù wà ní ìgúnpá rẹ̀, tí ọ̀dà funfun wà ní ìpéǹpéjú rẹ̀, tó sì ń rìn bí ẹni tó ni gbogbo àdúgbò, ẹ má wulẹ̀ béèrè. Ìyá Ọ̀dà nìyẹn. Ilé ló ń kùn. Kì í ṣe pé ó jókòó síbì kan tó ń pàṣẹ fún àwọn tó ń kùn ún o. Òun fúnra rẹ̀ ló ń gun àkàbà dé ètí òrùlé, tí á sì máa kùn ún láti òkè bọ̀ wá sílẹ̀, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kun ilé. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ọ̀dà òkè á kán sórí èyí tó ti kùn, iṣẹ́ kan á di méjì, ariwo á sì bẹ̀rẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ ló ń bá a di àkàbà mú. Ọkùnrin náà sanra, ó tóbi, ẹsẹ̀ rẹ̀ rí bí òpó, ṣùgbọ́n ẹ̀rù òkè ń bà á débi pé bó bá dúró lórí àpótí láti gbá okùn aláǹtakùn, á ti máa pe ìyá rẹ̀ tó bí i. Ìyàwó rẹ̀ ní tirẹ̀ fúyẹ́, kò sì sí òkè tó ń dẹ́rù bà á. Obìnrin wà lókè, ọkùnrin wà nílẹ̀, iṣẹ́ sì ń lọ. Àwọn aláìníṣẹ́ kan máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé irú ọkọ wo ló ń gbójú sókè wo ìyàwó rẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́. Wọn ò dá wọn lóhùn rí.

Nǹkan kan wà nínú iṣẹ́ yìí tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀. Ẹni tó wà lókè àkàbà kì í bojú wolẹ̀. Ojú tó bá ń wolẹ̀, ọwọ́ á gbọ̀n, ògiri á sì rí wúruwùru. Nítorí náà, orin ni tọkọtaya yìí fi ń mọ̀ pé àwọn jọ wà. Ìyá Ọ̀dà á dá a lókè, ohunkóhun tó bá ṣáà ti bọ́ sí i lẹ́nu, bóyá ògiri tó ń mu ọ̀dà bí ọ̀mùtí, tàbí onílé tó ń yọjú lójú fèrèsé ní gbogbo ìgbà. Ọkọ rẹ̀ á gbè é nílẹ̀ pé, "Mo dúró o, mo dúró gbọin-in!" Ohun kan náà ló ń gbè láti ọdún tí wọ́n ti fẹ́ra wọn. Ohùn rẹ̀ nípọn, ó sì dùn, á gba inú igi àkàbà gun òkè lọ bá ìyàwó rẹ̀ ní àtẹ́lẹsẹ̀. Bó ṣe di Elégbè nìyẹn, tí kò sẹ́ni tó rántí orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ mọ́.

Ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ lọ́jọ́ tí wọ́n ń kun ilé tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì. Ìsọ̀ aránbàtà wà ní òdìkejì títì, ibẹ̀ sì ni àwọn ọkùnrin ti ń ta dráfù. Aránbàtà yìí, kò sẹ́ni tó nà án rí nínú dráfù. Bàtà tó ń rán máa ń já, ṣùgbọ́n dráfù rẹ̀ kì í já. Lọ́jọ́ náà, àwọn èèyàn ṣàdéédé figbe ta pé ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́, pé ó ti há, pé òní ni òní ń jẹ́. Elégbè gbọ́, ara rẹ̀ ò gbà á mọ́. Ó rò ó pé ìyàwó òun kì í kúkú bojú wolẹ̀, orin nìkan ló ń fẹ́ gbọ́. Bí òun bá gbé orin dání lọ, tí òun sì gbé e padà wá, kí ló bàjẹ́?

Ó yọ ọwọ́ kan, àkàbà ò mì. Ó yọ ìkejì, àkàbà ò mì. Ló bá ń fẹ̀yìn rìn kúrò níbẹ̀, ó ń kọrin. Bó ṣe ń jìnnà ló ń gbóhùn sókè, kí orin má baà dín kù létí ìyàwó. Ẹnu rẹ̀ dúró gbọin-in, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń sọdá títì.

Ìyá Ọ̀dà na ọwọ́ sí igun kan tó jìnnà díẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe, àkàbà bá yọ̀ lára ògiri, ó gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Obìnrin di ètí òrùlé mú, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ń wẹ̀ nínú afẹ́fẹ́. Ó ké pé, "Mo ń ṣubú o!"

Ẹ wá gbọ́ nǹkan. Elégbè tó ti tẹrí ba lórí bọ́ọ̀dù rò pé ẹsẹ orin tuntun ni. Ó tiẹ̀ sọ fún aránbàtà pé ìyàwó òun mọ orin í dá lónìí. Ó gbè é pé, "Mo dúró o, mo dúró gbọin-in!" Ìyá Ọ̀dà tún ké pé àkàbà ti lọ. Wọ́n gbè é. Wọ́n ni mo wí, nítorí orin náà ti wọ àwọn ọlọ́dráfù lára, wọ́n ti ń bá wọn dá sí i. Ó ké pé òun kú o. Gbogbo wọn ní àwọn dúró gbọin-in.

Okùn tí tíṣà sá aṣọ sí ló gbà á sílẹ̀. Ó balẹ̀ sáàárín aṣọ tútù, garawa ọ̀dà yẹ́lò tẹ̀ lé e, ó sì dà lé e lórí. Ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ́. Nígbà tí tíṣà jáde, ohun tó bá nílẹ̀ ni obìnrin yẹ́lò kan tó fi ṣòkòtò pénpé tíṣà kọ́rùn, tó ń sunkún.

Elégbè sáré dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, "Mi ò kúrò níbí o." Ìdérí ìgò tí wọ́n fi ń ta dráfù ṣì wà ní ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Èmi ò mọ irú ọpọlọ tí èèyàn fi ń ronú nírú àsìkò bẹ́ẹ̀, àfi kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí tiwa gbéra sọ.

Ìṣubú kọ́ ló dun Ìyá Ọ̀dà jù. Ẹsẹ̀ tó rọ́ á san. Ohun tó dùn ún wọra ni pé orin ṣì ń lọ nígbà tí òun ń bọ̀ nílẹ̀. Gbogbo ọdún tó ti ń fi ohùn yẹn ṣe ilẹ̀ tó ń tẹ̀, kò dá a lójú mọ́ pé èèyàn wà nídìí rẹ̀. Àbí ìgbà mélòó ni ọkùnrin yìí ti lọ rí, tó jẹ́ pé àkàbà ló kàn ṣàánú òun? Ìbéèrè yìí kò jẹ́ kó sùn.

Elégbè bẹ̀bẹ̀. Ó kúnlẹ̀ ní pálọ̀, ó kúnlẹ̀ ní kíṣìnnì, ó lọ kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀ débi pé ìyàwó rẹ̀ kọsẹ̀ lára rẹ̀ nígbà tó ń jáde bọ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tún ṣubú lẹ́ẹ̀kejì. Ìyá Ọ̀dà ní kó dìde, òun ti gbọ́. Ìyá ọkọ rẹ̀ náà wá bẹ̀ ẹ́, ó ní kó bá òun fi orí jin ọmọ òun, pé láti kékeré ni kì í lè jókòó síbi kan. Ìyá Ọ̀dà dá màmá lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Òun àti ọkọ rẹ̀ jọ ń jẹun, wọ́n jọ ń sùn, wọ́n sì jọ ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti kan àkàbà, ó fàáké kọ́rí.

Ó sọ fún un pé, "Mo ti dárí jì yín tọkàntọkàn. Àmọ́ mi ò ní gun àkàbà tí ẹ bá dì mú."

Ẹni ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ìyá Ọ̀dà bẹ̀rẹ̀ sí í kun ilé mọ níwọ̀n ibi tí ọwọ́ rẹ̀ tó. Ó kun ilé kan dé àyà, ó gbé garawa, ó lọ. Kò pẹ́ tí àdúgbò fi kún fún ilé tó wọ ṣòkòtò tí kò wọ ẹ̀wù. Onílé kan wá fẹjọ́ sùn pé gbogbo àlejò tó bá wá sọ́dọ̀ òun ló ń bá òun kẹ́dùn, wọ́n rò pé omíyalé ló dé ibi tí ọ̀dà dé yẹn.

Nígbà tí ìfisùn pọ̀, ó rọ yanrìn kún àpò ńlá kan, ó sì dì í mọ́ ìdí àkàbà kékeré. Ìyẹn gbé e dé orí fèrèsé. Àpò ò mọ dráfù, àpò ò sì mọ orin. Inú Ìyá Ọ̀dà dùn sí i débi pé ó ń kí i. Bó bá dé láàárọ̀, á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Bó bá ń lọ nírọ̀lẹ́, á gbá a lẹ́yìn pẹ́pẹ́, á ní ó dàárọ̀. Aránbàtà ló sọ àpò náà ní Ọkọ Kékeré, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára kíá.

Ẹ má rò pé Elégbè rí i bí eré. Ó ń jowú àpò. Wọ́n bá a lọ́sàn-án ọjọ́ kan tó dúró níwájú àpò yanrìn, tó ń fi ikùn rẹ̀ wé tirẹ̀. Ó wò ó tìkà-tẹ̀gbin, ó sì fi ẹsẹ̀ gbá a. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ wú bí ata. Àpò ò tiẹ̀ mì, ìyẹn ló sì bí i nínú jù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá le sí ni pé ilé ìwé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan gbé iṣẹ́ fún Ìyá Ọ̀dà. Ó kun ìsàlẹ̀ tán, ó wá ku òkè. Àkàbà gígùn ni òkè yẹn ń béèrè, àkàbà gígùn sì kọjá agbára àpò, nítorí bí ẹni tó wà lókè bá ṣe ń rọ̀ sọ́tùn-ún, ẹni tó wà nílẹ̀ gbọ́dọ̀ máa tì í sósì. Ọ̀gá ilé ìwé, obìnrin kan tó máa ń fi awò ojú rẹ̀ tọ́ka sí nǹkan, sọ pé àwọn ọmọ ò ní pẹ́ wọlé, òun ò sì lè dúró níwájú wọn máa wí fún wọn pé kí wọ́n máa ṣe iṣẹ́ wọn parí, kí ògiri tó wà lẹ́yìn òun máa já òun nírọ́. Bí òkè ò bá ní ọ̀dà, òun á pe ẹlòmíì.

Ní ọ̀sẹ̀ kan náà, ọmọ ìyá Elégbè kan tó wà ní ìlú míì ránṣẹ́ pé òun ti bá a ríṣẹ́, géètì ńlá kan ni yóò máa ṣọ́. Ìyá Ọ̀dà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ta ló fẹ́ gbé géètì lé ọkùnrin yìí lọ́wọ́? Á kọrin kúrò nídìí rẹ̀, olè á sì bá a gbe orin. Ṣùgbọ́n nígbà tó rí i tó ń ká ṣòkòtò sínú báàgì, ẹ̀rín ò wá mọ́.

Elégbè ò binú. Ó kàn bi í pé, "Bí mi ò bá wúlò nídìí àkàbà rẹ, kí ni mo tún ń ṣe níbí?"

Ìyá Ọ̀dà fẹ́ sọ pé kó má lọ. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu rẹ̀. Òmíràn ló jáde: "Ẹ ò mọ bó ṣe ń rí lókè yẹn. Ẹ ò mọ̀ ọ́n rárá."

Ní ọjọ́ tó yẹ kí Elégbè lọ, Ìyá Ọ̀dà ti wà ní ilé ìwé láàárọ̀, ó gbé àkàbà gígùn ti ògiri, ó so Ọkọ Kékeré mọ́ ọn nídìí, ó sì ń wò ó bí ẹni tó ń wo ẹran tó lè kàn. Báàgì ni Elégbè gbé dé. Ìyàwó rẹ̀ rò pé ó wá dágbére. Ó gbé báàgì sílẹ̀, ó bọ́ bàtà, ó sì tú okùn kúrò lára Ọkọ Kékeré.

"Bá mi dì í mú," ó sọ bẹ́ẹ̀, "mo fẹ́ lọ wo bó ṣe ń rí."

Ìyá Ọ̀dà sáré di àkàbà mú, ọkùnrin náà ti ń gùn ún. Àkàbà ń ké bí ìlẹ̀kùn tí wọn ò fún lóróró. Ó gùn ún dé ìdajì, ó ṣèèṣì bojú wolẹ̀, ó bá ta kókó síbẹ̀. Ó gbá àkàbà mọ́ra, ó ti ojú bọ àárín igi ìtẹ̀sẹ̀ méjì, kò lọ sókè, kò bọ̀ nílẹ̀. Ó ń pe màmá rẹ̀. Ó ní kí wọ́n sọ fún màmá pé òun fẹ́ràn rẹ̀. Ìyá Ọ̀dà ní kó sọ ẹsẹ̀ ọ̀tún kalẹ̀. Ó ní òun ò mọ èwo ni ọ̀tún mọ́.

Ìròyìn ò pẹ́ dé ìsọ̀ aránbàtà pé Elégbè wà lókè. Wọ́n pa ìsọ̀ dé, gbogbo wọn tú wá. Nígbà tí wọ́n wòran wòran tó sú wọn, tí Elégbè ò sọ̀, wọ́n gbé bọ́ọ̀dù sílẹ̀ lábẹ́ igi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àkàbà, wọ́n ń ta dráfù dè é.

Ìyá Ọ̀dà dúró, ó di àkàbà mú. Òun tó mọ òkè tinútòde, kò mọ ilẹ̀ rí. Ọwọ́ ń ro ó, imú ń yún un, oòrùn ń pa á, kò sì sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó ń ṣẹlẹ̀ ní gbogbo àgbáyé ni dráfù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó fi apá kan ojú wò ó. Aránbàtà ní ọmọ dráfù òun kan ti sọ nù lórí bọ́ọ̀dù, ẹnì kejì rẹ̀ ń búra pé òun ò mọwọ́mẹsẹ̀. Irọ́ ló ń pa. Ìṣojú Ìyá Ọ̀dà ni ọkùnrin náà fi ìdérí ìgò sábẹ́ itan. Inú bí i. Kó tó mọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún ti kúrò lára àkàbà, ó ti nà án sí olè náà, ó ní kó gbé itan rẹ̀ sókè kí gbogbo ayé rí i.

Àkàbà yọ̀ díẹ̀ lára ògiri. Elégbè ké lókè. Ìyá Ọ̀dà fi ọwọ́ méjèèjì àti àyà di àkàbà mú. Kò sẹ́ni tó rí i, itan ọlọ́dráfù ni gbogbo ojú wà. Ó lè sọ pé afẹ́fẹ́ ni. Ó lè ní òun ò kúrò níbí o. Ọ̀rọ̀ náà ti wà lórí ahọ́n rẹ̀, ó sì dùn, ó rọrùn, ìyẹn gan-an ló bà á lẹ́rù.

"Ọkọ mi," ó pè é. "Èmi ni. Mo yọ ọwọ́ kan, mo ń wo dráfù. Mo ti dá a padà."

Gbogbo àwọn ọlọ́dráfù yíjú sókè, olè sì lo àǹfààní yẹn láti dá ìdérí ìgò padà sórí bọ́ọ̀dù.

Elégbè ò gbé ojú kúrò láàárín igi. Ó ní, "O ṣeun tí o sọ fún mi. Èmi ò sọ fún ọ. Mo kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ìdérí ìgò wà lọ́wọ́ mi, mo sì wò ọ́ lójú pé mi ò kúrò. Mo kúrò. Mo fi ọ́ sílẹ̀." Ló bá bú sẹ́kún lókè àkàbà, bàbá ńlá báyìí.

Ìyá Ọ̀dà náà sunkún nílẹ̀, kò sì yọ ọwọ́ nu ojú. Nígbà tó ṣe, ó gbé orin. Ẹ̀yin èèyàn mi, obìnrin yìí mọ orin í dá, ṣùgbọ́n kò mọ̀ ọ́n gbè. Ohùn rẹ̀ há bí igbá tó sán. "Mo dúró o," ó ń kọ ọ́, "mo dúró gbọin-in." Aránbàtà di etí. Ṣùgbọ́n Elégbè sọ ẹsẹ̀ kan kalẹ̀, ó tún sọ ìkejì kalẹ̀, ó ń bọ̀ nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ìdí rẹ̀ fi kan orí ìyàwó rẹ̀.

Ó ti rí bó ṣe ń rí lókè. Ó ní burúkú ni. Ìyàwó rẹ̀ ní ilẹ̀ náà ò sunwọ̀n. Báàgì padà sílé, géètì ńlá sì lọ wá ẹlòmíì.

Ẹ má rò pé lọ́jọ́ náà ni obìnrin gun òkè lọ o. Kì í ṣe iná mànàmáná tí wọ́n ń tàn. Ó kọ́kọ́ gun àkàbà kékeré, ó ní kí Ọkọ Kékeré wà lápá kan, kí ọkọ àgbà wà lápá kejì. Elégbè gbé ìtìjú mì, ó dúró ti àpò bí ẹni tí wọ́n fi sẹ́nu ìdánwò. Lọ́jọ́ míì, Ìyá Ọ̀dà gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí Elégbè bá fẹ́ họ imú, á pariwo pé imú ń yún òun, ìyàwó á dúró jẹ́ẹ́, ọkọ á họ ọ́ tán, á ní òun ti dé, iṣẹ́ á tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n tú yanrìn àpò sínú kòtò tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé. Aránbàtà ní kí àwọn ṣí fìlà fún olóògbé.

Ó wá ku igun òkè pátápátá, lábẹ́ òrùlé, ní ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí títì. Ìyá Ọ̀dà gùn ún débẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí àwọn ọmọ á wọlé. Àwọn ọlọ́dráfù ti gbé bọ́ọ̀dù wá sẹ́yìn ọgbà ilé ìwé, ariwo wọn sì ṣàdéédé yí padà. Wọ́n ń figbe ta pé aránbàtà ti há, pé lónìí yìí kò mà sí ọ̀nà àbáyọ. Ìyá Ọ̀dà gbọ́ ọ. Ó dá orin. Kò sẹ́ni tó gbè é. Ó tún un dá. Kẹ́kẹ́ pa nílẹ̀.

Ó ṣe ohun tí kì í ṣe, ó bojú wolẹ̀.

Elégbè wà níbẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá àkàbà mọ́ra, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ tì í, ó di ojú pinpin. Òwú tó kì bọ etí rẹ̀ méjèèjì pọ̀ tó èyí tí èèyàn lè fi ṣe ìrọ̀rí. Lẹ́yìn ọgbà, wọ́n na aránbàtà fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, wọ́n ń ké, wọ́n ń jó, wọ́n ń da bọ́ọ̀dù rú, Elégbè ò sì gbọ́ nǹkan kan.

Ìyá Ọ̀dà yí ojú padà sí ògiri. Ó dá orin jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń fi ara rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀, "Mo ń ṣubú o." Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Àkàbà ò mì. Ó ti búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà, ó sì na ọwọ́ sí igun tó jìnnà jù.